Gìtá Tó Yadi Lọ́wọ́ Ògúndáre

Láyé ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tó gba ọkùnrin méjì kó tó ṣí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ má bèèrè, iṣẹ́ Ògúndáre káfíńtà ni. Àpótí tó bá kàn, kí obìnrin tó gbé e dé àgbàlá, ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ẹni tó bá ní kó fá a díẹ̀ sí i yóò gbọ́ tirẹ̀: "Ṣé ẹ fẹ́ kó fọ́ ni?" Ọkùnrin náà kórìíra ohunkóhun tó bá ń mì.

Òun ló wá lọ kó sínú ìfẹ́ Adéjọkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wá ta aṣọ ní Ọ̀yọ́. Ebenezer, bàbá ọmọ náà, ti ṣòwò dé Kùmásí, ó sì gbé gìtá kan bọ̀ níbẹ̀. Ó ń ta á ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, títí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ ojú gìtá náà fi já, tí okùn sì fa ojú rẹ̀ wọnú. Nígbà tí Ògúndáre wá tọrọ ọmọ, gìtá yìí ni bàbá gbé lé e lọ́wọ́.

"Wọ́n ní káfíńtà ni ọ́. Jẹ́ kí èyí fọhùn ná, ká tó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Èyí náà? Ògúndáre rẹ́rìn-ín. Ó gbé e dé Ọ̀yọ́, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ojú rẹ̀ padà sípò, ó wá to igi ìrókò sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kan òrùlé. Ó lù ú ní ẹ̀ṣẹ́, kò mì. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá ta okùn. Kó. Ó tún ta á. Kó, kó. Yéè! Gìtá ti yadi! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ògúndáre, ilẹ̀kùn lo gbé wá fún mi!"

Ojú ti káfíńtà wa gan-an. Adéjọkẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú gìtá.

"Bí ògiri ló rí. Tẹ́lẹ̀, bí bàbá mi bá ń ta á, ó máa ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi."

"Gbọ̀n kẹ̀? Bó bá ń gbọ̀n, yóò tún wọnú!"

"Bí kò bá wá gbọ̀n ńkọ́? Simon télọ̀ ń wá kí bàbá mi láràárọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Níbẹ̀ náà ló ti tún ṣí ẹ̀yìn gìtá, ó yọ ìfági nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá àwọn igi náà. Ẹ̀rù ń bà á: bó bá fá a jù, ojú gìtá wọnú, ìyàwó náà sì lọ. Ó fá ìpẹ̀kun wọn méjèèjì, ó fi àárín sílẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí i, ó tún fá a. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kan lé e, ó fi ìkejì kàn án, ojú gìtá sì gbọ̀n.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù tó fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ padà gbẹ, bàbá ta á. Áà, ohùn dé! Àwọn ará ilé kejì yọrí lójú fèrèsé. Àmọ́ bàbá gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Ṣé kò ní fọ́ lọ́jọ́ kan?"

"Ó lè fọ́, bàbá." Láti ọjọ́ tó ti ń kan igi, kò sọ irú ẹ̀ rí.

"Ta ni yóò wá bá mi tún un ṣe?"

"Àna yín ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Adéjọkẹ́! Gbé omi wá fún àna mi."