Yàrá Tí Kò Sí Nílé Tíṣà Olúsànyà

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn Felix ní Mafoluku. Ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù ní pápákọ̀ òfuurufú yìí ló já jáde nílé Tíṣà Olúsànyà, níbi tó gba yàrá sí, lọ́sàn-án gangan, ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, irùngbọ̀n ní ìkejì. Wọ́n ní kí ló ń lé e. Ó ní, "Ẹ̀jọ ni!"

Ọdún 1974 ni Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kọ́ ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kun nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn, láti orí ọ̀kan dé èje, ó wá fo ẹ̀jọ, ó kọ ẹ̀sán-án. Nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, á máa fi ọ̀pá kan àwọn ilẹ̀kùn náà, á máa kà wọ́n. Tó bá pe èje tán, á dákẹ́. Kódà ọmọ Ìsíátù ní yàrá keje á gbàgbé ẹkún. "Ẹ̀sán-án!" Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé á tó mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́, Felix ló fẹnu ara rẹ̀ béèrè ibi tí ẹ̀jọ wà. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì kọ 12345679 sára ògiri.

"Àárín èje àti ẹ̀sán-án ló ti sá lọ. Àmọ́ tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po méjìléláàádọ́rin..." Ó ṣírò, ó ṣírò, ó kọ 888888888. "Ó dé nìyẹn!"

Felix ju abẹ sílẹ̀.

Felix bẹ wòlíì rẹ̀, Olúbọ̀wálé, pé kó wá lé ẹ̀mí ẹ̀jọ yìí jáde. Tíṣà ní kí wòlíì mú nọ́ńbà kan, láti ọ̀kan dé ẹ̀sán-án.

"Ẹ̀ta. Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́."

"Ẹ̀ta lọ́nà mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Tíṣà fi í sọ 12345679 di ìlọ́po: 333333333. Wòlíì há agogo rẹ̀ sábẹ́ apá, kó má baà dún, ó wá ọ̀nà ilé.

Ìsíátù kò lè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Àyànníyì, ọkọ rẹ̀, ti wa ọkọ̀ lọ sí Ẹdẹ láti ìgbà Iléyá, kò ránṣẹ́, kò fúnra rẹ̀ wá. Bí Tíṣà bá ti dákẹ́ lẹ́yìn èje, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ rẹ̀ ló ń fò. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá sọnù ńkọ́?"

Tíṣà jókòó tì í. "Ìsíátù ọmọ mi, ṣé o ò rí ẹ̀jọ ni? Òun nìkan ló lọ. Nígbà tó máa bọ̀, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dání."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àyànníyì sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro, ẹsẹ̀ tó kán ní Ẹdẹ ni kò jẹ́ kó tètè wálé. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò tẹ̀ lé ìyá. Ìsíátù kà wọ́n: mẹ́sàn-án. Ó tún ẹ̀jọ orí ògiri kà: mẹ́sàn-án. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tó rántí pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ó sùn sí, ó tún wú sí i.

Lọ́dún 1979, Tíṣà sùn, kò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Albert ọmọ rẹ̀ wá kí àwọn ayálégbé.

"Àǹtí, wọ́n ní bàbá mi máa ń dẹ́rù bà yín."

Ìsíátù rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Gan-an ni! Àmọ́ bùrọ̀dá, látìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sóhun tó ń bà mí lẹ́rù nílé yìí mọ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè mú mọ́ra."