Obìnrin Tó Gbé Ọmọ-ọmọ Mi Sáré ní Guangzhou

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá ìró mi ró, ìyá mi máa ń mú mi lọ sí ọjà Tokpa ní Cotonou, níbi tó ti ń ta aṣọ. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi níbẹ̀ kì í ṣe bí a ṣe ń tajà, bí kò ṣe bí a ṣe ń fura. Bó bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wọ̀lú, á fi itọ́ pa etí aṣọ náà wò bóyá ó máa ṣí, á sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ń rẹ́rìn-ín sí i jù, á dìde, á ní ká máa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa rò pé ìwà ahun nìyẹn. Rárá o. Opó ni ìyá mi, Kétu ló ti wá, kò sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Ìfura ló fi ṣe ọkọ.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe darúgbó. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló ń ta mẹ́ṣì, ìyẹn irun tí àwọn obìnrin ń fi kún irun wọn. Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ti ń rà á. Ní ọdún tó bímọ, ọmọ náà ṣì ń mu ọyàn, kò ṣeé fi sílẹ̀ ní Agblangandan tí à ń gbé, ló bá bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀lé òun lọ, kí n máa bá òun gbé ọmọ. Mo gbà. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Ọjà tí a lọ jẹ́ ilé gíga kan tó kún fún irun láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní Tokpa, kí ẹ tó kọjá ìsọ̀ kan, wọ́n á ti fa aṣọ yín, wọ́n á ti pè yín ní ìyàwó wọn. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pè wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun nínú abọ́ ike, ojú wọn wà lára tẹlifóònù. Mo ní irú ọlọ́jà wo ni kì í wá oníbàárà? Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ní ohun mìíràn tí wọ́n ń tà.

Obìnrin tí ọmọ mi máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ó bu tíì fún wa nínú ife tó kéré bí ìdérí ìgò. N kò mu ún. Kò sọ iye ọjà rẹ̀ lẹ́nu. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó nà án sí wa, ọmọ mi náà tẹ tirẹ̀, ó nà án padà. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹni tí kò fẹnu sọ iye ọjà rẹ̀ lónìí lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jókòó.

Lójú títì ńkọ́? Ìyá arúgbó kan ń ta ọ̀dùnkún sísun. Mo na owó sí i, ó mi orí, ó nawọ́ sí àwòrán dúdú-funfun kan tó so mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Àwọn èèyàn ń na tẹlifóònù sí àwòrán náà, tẹlifóònù ń dún pé owó ti wọlé, wọ́n ń mú ọ̀dùnkún lọ. Ìyá náà kì í tilẹ̀ gbójú sókè wò wọ́n. Mo dúró tì í títí, mo ń ṣọ́ ẹni tí yóò jí i lọ́jà. N kò rí ẹnì kankan. Ìyẹn tún mú kí n fura sí i.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi gun àjà òkè lọ láti wo irun mìíràn, ó fi èmi àti ọmọ sílẹ̀ nínú ìsọ̀ obìnrin yìí. Ooru mú. Mo tẹ́ ọmọ sórí àpò ẹrù kan, mo ń fẹ́ ẹ. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú ọjọ́ ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó sọ ohun kan tí n kò gbọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé ọmọ náà, ó ti sáré jáde.

Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ mi tí mo ń wọ́ kiri láti Cotonou, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó ṣì lè sáré. Mo di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, mo ń ké pé, "Ẹ gbà mí, ó ti gbé ọmọ mi lọ!" Ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀? Àwọn aláàárù ń fa ẹrù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí obìnrin náà lè kọjá. Mo ní wọ́n ti jọ dì í. Aṣọ rẹ̀ ya sí mi lọ́wọ́, kò dúró.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ló já sí. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ, ó bọ́ ọ sí ìhòòhò, ó ń fi omi nù ún, ó fún un ní oògùn. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ojú ọmọ ti ń yí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ sínú tẹlifóònù rẹ̀, tẹlifóònù náà sì fi Faransé sọ fún mi pé ibà ni, kí n má bẹ̀rù. Mo ní ta ló mọ ohun tó sọ gan-an. N kò fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ọmọ ṣe figbe ta nìyẹn. N kò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ mi sáré dé. Àwọn ará ìsọ̀ kejì ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó wo ọmọ, ó wo ọwọ́ mi.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, kí là bá máa wí?"

Mo fi í sílẹ̀. Obìnrin náà wo ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ gbayawu.

Ṣé ẹ rò pé ìfura mi tán níbẹ̀? Mo sọ fún ọmọ mi pé yóò fi oore yìí gbowó lórí ọjà. Kò fi kún iye ọjà rẹ̀. Kò sì dín in: bó ṣe le koko tẹ́lẹ̀ ló ṣe le. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wa jáde, mo ní kí wọ́n tú u. Nínú páálí kan, irun tó gùn ló wà lókè, èyí tó kúrú ni wọ́n fi sísàlẹ̀. Mo gbé e sí iwájú obìnrin náà. Kò tijú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún bu tíì fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo mu ún.

Obìnrin kan náà ni o. Òun ló fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ-ọmọ mi, òun náà ló fẹ́ ta irun kúkúrú fún wa. Mo ti rò ó títí, n kò rí ọ̀kan yọ nínú méjèèjì.

Ní ayé ìgbà èwe mi, a mọ ilé ẹni tó tajà fún wa. Bí aṣọ bá ṣí, ìyá mi á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó bọ́jú. Nísinsìnyí, ọmọ mi kì í lọ sí Guangzhou mọ́. Inú yàrá rẹ̀ ló ń jókòó sí, á tẹ tẹlifóònù, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé ẹrù dé. Ó ní kò sí ewu níbẹ̀, kò sì sí wàhálà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, tẹlifóònù kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé e sáré.