Ìwé Ìtàn Tí A Ò Jọ Kà Tán

Àwa méjì péré la ti Ọ̀kà wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìkàrẹ́ nígbà tí a dé kíláàsì kẹfà: èmi àti ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bí. Ẹgbẹ́ ni wá. Ilé onígbàgbọ́ kan la ń gbé, ọjọ́ Ẹtì la máa ń gun òkè padà sílé.

Lọ́dún náà, tíṣà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, tirẹ̀ ni. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí òkun rí. Bí àwa yòókù bá ń kà á, ahọ́n wa á máa kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Á máa kà á bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ á fọwọ́ lẹ́rán, á máa gbọ́ ọ. Ó ní bó bá yege, òun á bá a wá àyè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ tíṣà.

Ó ku díẹ̀ ká ka ìwé náà tán ni bàbá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti fi í fún ọkọ ní Ìpè. Tíṣà fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọ̀kà, ó bẹ bàbá náà títí. Bàbá gbà á lálejò dáadáa, ó fún un níṣu, ó sì ní òun gbọ́ gbogbo ohun tó wí, àmọ́ òun ti ṣèlérí fún àna òun.

Èmi ni mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Bí ẹ bá kà á tán, wá sọ fún mi bóyá bàbá ọmọ náà padà."

A kà á tán, mo sì lọ sí Ìpè. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Mo fi èdè ilé wa sọ fún un pé bàbá padà, pé ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ kò sì dá a mọ̀.

"Báwo ni ìwé ṣe sọ ọ́?"

Mo gbìyànjú, Gẹ̀ẹ́sì náà kò wá.

"Bó ṣe wà nínú ìwé ni mo fẹ́ gbọ́," ló wí.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí ìwé náà rà. Mo ti di tíṣà nígbà náà, iṣẹ́ tí gbogbo wa rò pé tirẹ̀ ni. Mo mú un lọ bá a. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ṣí i dé ìparí. Ó ka ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, ó dúró, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó tún dúró. Mo fẹ́ bá a kà á. Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi, ó wá béèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi ti san.

Mo ní ó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n bá òun kí i, ó sì wọlé lọ bu omi wá fún mi.