Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí A Gún Pọ̀ Mọ́ Iyán

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ló fẹ́ lé mi kúrò ní ilé-ìwé. "International" ni. Aláyẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni tíṣà sì ní kí n ka ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé níwájú rẹ̀. Bàbá mi ti sọ tirẹ̀: "Bí o bá kà á tì, ìdí máṣíìnì ìránṣọ ló kàn." Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà ṣàlàyé títí. Ó ní "inter" ni orí ọ̀rọ̀ náà, "nation" ni ara rẹ̀, "al" ni ìrù. Ó tún gé e sí ègé márùn-ún, in-ter-na-tion-al, ó ní kí á tẹ ègé kẹta mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó yé mi, ahọ́n mi ni kò gbà. Bí n kò bá tẹ gbogbo rẹ̀ bákan náà, màá gbàgbé ìrù sẹ́yìn.

Ìyá mi kò fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, bẹ́ẹ̀ òun ló bẹ bàbá mi kí n tó wọ ilé-ìwé. À ń gúnyán lọ́wọ́ ló ní, "Máa pè é bí ọmọ odó ṣe ń lọ. Ibi tí tíṣà ní kí o tẹ̀ yẹn, fi gbogbo agbára gún un." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: in, ter, NA, tion, al. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gún un. Kó tó dọjọ́ kẹta, ìyá mi ti mọ̀ ọ́n pè jù mí lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe kàwé dé ibẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì gbéra sókè fúnra wọn. Mo gún ọ̀rọ̀ náà nínú afẹ́fẹ́, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ sí ègé kẹta. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Aláyẹ̀wò béèrè ohun tí mò ń ṣe.

"Iyán ni mo fi kọ́ ọ, sà. Màámi ló kọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí gbogbo kíláàsì dìde kí wọ́n gún un bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ìwé tuntun méjì ló rà wálé.

Lóde òní, àwọn ọmọ-ọmọ mi á tẹ fóònù, fóònù á sì pe ọ̀rọ̀ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kedere. Inú mi dùn sí i, èmi náà ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì í pè, kò ní dun fóònù. Ká ní èmi ṣì í pè lọ́jọ́ náà, ì bá dun ìyá mi wọ sàréè.