Òkété Tó Gbé Paramọ́lẹ̀ Mì

Ọjọ́ tí òkété gbé paramọ́lẹ̀ mì nínú mọ́tò Ìkòyí-Ilé ni gbogbo ayé mọ Fágbèmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí paramọ́lẹ̀ kankan nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Fágbèmí ń lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé àpò kan sórí itan, nǹkan sì ń jà nínú àpò náà. Èèyàn mẹ́rin ló ti há mọ́ orí ìjókòó ẹ̀yìn, òun ló ṣe ìkarùn-ún.

"Bàbá, kí ló wà nínú àpò yín?" Obìnrin tó jókòó tì í ló béèrè.

"Paramọ́lẹ̀ ni, ọmọ mi. Rọra sọ̀rọ̀, kò fẹ́ràn ariwo."

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìjókòó ẹ̀yìn ti ṣófo. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ́ síwájú, wọ́n ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀, Fágbèmí sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀bá ọ̀nà láti ojú fèrèsé. Bóyá àṣírí ì bá má tú bí mọ́tò kò bá já sí kòtò kan. Ẹnu àpò tú, òkété ńlá kan jáde, ó dúró sáàárín mọ́tò, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá!" Obìnrin yẹn figbe ta. "Ẹ mà ní paramọ́lẹ̀ ni!"

Fágbèmí tẹjú mọ́ òkété náà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. "Àwọn méjèèjì ni mo kó pọ̀ sínú àpò," ló wí. "Ẹ ò rí i bí ikùn rẹ̀ ṣe rí? Ó ti gbé e mì."

Ẹnì kan ti fi fóònù ká a sílẹ̀. Kí Fágbèmí tó dé Ọjà Igbó, wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín ní Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di Òkétégbéjò, ó sì ń tètè dáhùn sí orúkọ yìí ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé òkété náà gba ojú fèrèsé sá lọ, owó ọbẹ̀ wọn sì bá a lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé pàkúté ni Fágbèmí ń dẹ. Òkété àti ọ̀yà ló ń pa. Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lára ògiri, aláǹtakùn ló ń lò ó. Ejò ní tirẹ̀, bí ọ̀kan bá kọjá lójú ọ̀nà oko láàárọ̀, ilé ni Fágbèmí ń gbà lọ, ó di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu, kò sí ejò tí kò pa. Erè kan wà tó gùn tó apá ọkùnrin méjì nígbà tí wọ́n bí Moyinolúwa, ọmọ wọn. Nígbà tí Moyin fi máa wọ yunifásítì, erè náà ti gùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi dé ìdí kànga. Àjíkẹ́ ní òun ò rí ẹran tó ń dàgbà lẹ́yìn tó ti kú rí.

Ó tún gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó so ṣaworo mọ́ bàtà ròbà tó fi ń lọ oko, kí ejò lè máa gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n yà lọ́nà.

"Ṣé ejò ló ń bà yín lẹ́rù ni, Bàbá Moyin?"

"Ejò kẹ̀? Àwọn ni mi ò fẹ́ dẹ́rù bà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pàkúté rẹ̀ kò mú nǹkan kan. Gbogbo ọ̀yà tó gbọ́ ṣaworo ló sá gba inú oko ẹ̀gẹ́ Dámisí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà, pàkúté Dámisí sì ń mú ẹran títí ó fi sú u. Ni Fágbèmí bá wọ bàtà, ó ń ró wọnjanwọnjan lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dámisí, ìpín mi dà?"

"Ìpín kí ni?"

"Ta ló da ẹran sí ọ lóko? Àbí o rò pé wọ́n kàn wá kí ọ ni?"

Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sán. Dámisí fún un ní itan ọ̀yà kan, kó ṣáà lè gbé ariwo bàtà rẹ̀ kúrò nílé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ ò lè ra ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ má gbọ́ bó ṣe pa á. Abigail, tíṣà kan tó máa ń ti Ọ̀yọ́ wá, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òun ń kánjú, kó bá òun di ẹran òun.

"Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. A ò tíì dé ibi tó ti kọjú sí mi."

Abigail fìdí kalẹ̀. Gbogbo oníbàárà ló ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ké "Háà!" Ẹni tó bá ké e dáadáa, Fágbèmí á fi orí ọ̀yà ṣe èènì fún un.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni àìsàn ọjọ́ mẹ́rin mú un lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Àjíkẹ́ ń fẹ́: kí àwọn ọdẹ ṣe ìpà fún ọkọ òun, ètò tí wọ́n fi ń sin ọdẹ dágbére. Ohun tí Fágbèmí fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ nìyẹn, pé kí wọ́n kà á mọ́ ọdẹ. Àjíkẹ́ àti Dámisí lọ bá Kareem, Olúọdẹ.

"Ìyá Moyin, ẹ kú ìrọ́jú," Kareem wí. "Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá pa ohun tó lè pa èèyàn là ń ṣe ìpà fún. Kí ni Fágbèmí pa, yàtọ̀ sí òkété?"

"Ó pa erè kan," Dámisí bẹ̀rẹ̀. Kareem wò ó.

"Ó pa paramọ́lẹ̀ kan," Àjíkẹ́ wí.

"Èyí tí òkété gbé mì?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àjíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Oyún Moyin ló wà nínú mi. Mo ń wa ẹ̀gẹ́, mi ò mọ̀ pé ejò náà ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yìn mi ni Bàbá Moyin ti rí i. Ó fi ọkọ́ lù ú títí ọkọ́ fi yọ, ẹ̀rúkọ́ ló fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ebè, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi olóyún ni mo fà á délé. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, 'Àwọn yòókù, mò ń fi wọ́n ṣeré ni. Ti eléyìí, ìwọ ni ì bá kú, Àjíkẹ́. Mi ò lè fi í ṣeré.'"

"Báwo ló ṣe gùn tó?" Kareem béèrè.

Àjíkẹ́ fi ọwọ́ kan ìgúnpá rẹ̀, ó fà á dé orí ìka. "Kò ju báyìí lọ."

Kareem mi orí. "Ká ní Fágbèmí ló sọ ọ́ ni, ejò yìí ì bá ti gùn dé Ọ̀yọ́. Bó ṣe kúrú yìí, mo gbà. Ẹ lọ múra sílẹ̀."

Lọ́jọ́ ìpà náà, àgbàlá kún fún ọdẹ. Wọ́n kó pàkúté Fágbèmí jọ sáàárín, bàtà ròbà rẹ̀ wà lórí wọn tòun ti ṣaworo. Wọ́n ní kí Àjíkẹ́ ro ti ejò náà fún gbogbo èèyàn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi kún un, títí tó fi dé ibi tó yẹ kó ti wọn gígùn rẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ kan ìgúnpá. Ojú rẹ̀ bọ́ sára bàtà yẹn, àárò ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ lójijì.

Ó na apá méjèèjì títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lójìká.

"Ó gùn ju báyìí lọ," ó wí. "Ìrù rẹ̀ wà lóko wa, orí rẹ̀ wà lóko Dámisí."

Dámisí tí omi ti kún lójú ló kọ́kọ́ ké e, níbi tó yẹ gan-an: "Háà!" Kareem gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ọdẹ sì ké e tẹ̀lé wọn.

Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wá ohun tí òun á fi ṣe èènì fún wọn.