Hítà Tí Wọ́n Rà Fún Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkùnrin tí ọgbọ́n orí ẹ̀ ò kọjá téèpù ìwọ̀n, kó wá wo onílé tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wọ̀n-ọ́n-wò. Sítọ́kípà ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sóhun tí kì í wọ̀n: ilẹ̀kùn, fèrèsé, títí dórí bùrẹ́dì tíyàwó ẹ̀ bá gé fún un.

Ìdílé mẹ́rin ló ń gbélé yìí. Òun àtìyàwó ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tíṣà kan tó bímọ mẹ́rin. Télọ̀ kan wà lókè, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Orúnkún ìyá yìí ti le koko. Àfi kó fi omi gbígbóná wẹ̀ láràárọ̀ kó tó lè rìn.

Nígbà tí hítà àtijọ́ kú, nọ́ọ̀sì ní bómi gbígbóná ò bá dé òkè kóṣù tó parí, òun á kó ìyá òun lọ. Ọdún kọkànlá ẹ̀ rèé níbẹ̀, kò bẹ́nì kankan jà rí. Bàbá yáa ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà.

Púlọ́ńbà dé, ó ní kí wọ́n ra kékeré mẹ́rin, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, tàbí ńlá kan tó máa gbé gbogbo ilé. Ó ní kí wọ́n ka iye èèyàn tó ń wẹ̀ láàárọ̀. Ta ló ń gbọ́? Bàbá ti ní kí káfíńtà kan kọ́bọ́ọ̀dù sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti kùn ún ní búlúù, ó ń yangàn bí ẹni tó kọ́lé kejì. Ló bá na téèpù sínú ẹ̀, ó gbọ̀nà ọjà lọ, ó ra hítà kékeré kan ṣoṣo tó wọ ibẹ̀ rẹ́gí.

"Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù lẹ wọ̀n," ni púlọ́ńbà wí. "Kọ́bọ́ọ̀dù kì í sì í wẹ̀."

Bàbá ní kó so ó, kó panu mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí gbogbo ayálégbé ti lọ síbi iṣẹ́, ó dá wọ balùwẹ̀ lọ wẹ̀. Omi gbóná fẹ́lífẹ́lí. Ó jáde, ó ń nu etí, ó ní òun ti dán an wò, ó tó gbogbo ilé. Èèyàn kan péré wẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ní ó tó ìdílé mẹ́rin. Irú orí wo nìyẹn?

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tíṣà wẹ̀, Bàbá wẹ̀, télọ̀ wẹ̀. Ọṣẹ ti wà lára ìyá nọ́ọ̀sì kómi tútù tó já lé e lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá, kò pariwo. Bàbá ṣàlàyé pé ó máa ń rẹ omi gbígbóná tó bá ń gun òkè, kí ìyá yáa máa wẹ̀ lọ́sàn-án.

"Láti àárọ̀ dọ̀sán, sà, ta ló máa gbé ìyá mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Ó ní òun ti rílé míì, Sátidé làwọn ń lọ. Bàbá fa téèpù yọ, kò rí nǹkan wọ̀n.

Ìyàwó ẹ̀ ló pe púlọ́ńbà padà. Ó ní kó tú hítà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kó gbé e sókè fún nọ́ọ̀sì nìkan, kó má fún télọ̀. Àwọn tó kù á máa fara dà á títí ọkọ òun á fi ra mẹ́ta míì.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin náà á fomi tútù wẹ̀. Ara yín le."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ sí onílé kejì pé òun ò wá mọ́. Ìyá ẹ̀ wẹ̀, ó múra, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá dúpẹ́. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n pẹ́pẹ́. Ó ní kí ìyá má dúpẹ́ rárá, torí tiẹ̀ lòun ṣe ra èyí tó kéré.