Ìgò Kan Nínú Fìríìjì Wa

Mo rántí kíkorò egbò orúwo ju bí mo ṣe rántí ohùn ọkọ mi lọ. Bàbá mi ló ń wú egbò náà fún mi ní oko rẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà. Màá gé e, màá sá a, màá rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, màá fi iná jẹ́jẹ́ mú omi rẹ̀ gbẹ, torí mo fẹ́ mọ ohun náà gan-an tó ń lé ibà nínú rẹ̀. Ní agbègbè wa nígbà náà, èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kẹ́místírì bẹ́ẹ̀. Mo sì ń yan kiri bí àkùkọ tó rò pé òun ló ń mú ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ohun tí mo ń wá jáde: horo wẹ́wẹ́ tó pupa rúsúrúsú, tó ń dán bí iyọ̀, tí kò ju ìdí ìgò kékeré lọ. A kò ní ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tó jẹ́ fún wa. Ọ̀gá mi tó ń lọ sí òkè òkun ló ṣèlérí láti gbé e dání. Iná ti lọ níbi iṣẹ́ wa tipẹ́, ni mo bá gbé ìgò náà sínú fìríìjì ilé wa ní Òṣogbo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Mo fi han ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ayé mi ló wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ayé rẹ mà kéré o!"

Àìsàn bàbá mi gbé mi lọ sí Ifẹ̀wàrà. Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, ìyá ọkọ mi ti ti Iléṣà wá, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n ti lọ gba omi àdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí ìgbéga tí àwọn kan fi ń dù mí níbi iṣẹ́.

"Ìyàwó mi, mu ún tán. Ẹni tó dúró sọ́nà rẹ, Olúwa á yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo mọ ìgò tí omi náà wà nínú rẹ̀.

"Mà, kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ìdọ̀tí kan ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Iyanrìn ni mo fi fọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ ló kúkú gbé e fún mi."

Ọkọ mi kò gbójú kúrò lára ìwé ìròyìn. "Ìgò lásán. Ṣé o ò lè se òmíràn ni?"

Mo mu ún. Ó ṣì korò díẹ̀.

Ọ̀gá mi lọ lọ́wọ́ òfo. Bàbá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi hú orúwo, wọ́n gbin kòkó. Sípíríìtì di ohun tí a kò rí rà mọ́. Mo ti dárí ji ìyá ọkọ mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkọ mi mọ ohun tó gbé jáde. Bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, oníwàásù pè é ní ọkọ tó gbé ìyàwó rẹ̀ ga nínú ìmọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ojú ayé ni.

Bí ibà bá dé báyìí, màá ra egbò orúwo lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ, màá sè é bí ìyá mi ṣe ń sè é, màá mu ún, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.